Ọgọ́rin Èèyàn Lórí Òrùlé

"Ẹ kú òtútù o, Màmá," ni òṣùwọ̀n wí, pẹ̀lú ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. "Èèyàn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló jókòó sórí òrùlé yín báyìí."

Màmá Jọláadé kò gbójú sókè kúrò nínú ẹ̀wà tó ń ṣà.

"Sọ fún wọn kí wọ́n sọ̀kalẹ̀," ló wí. "N kò pe ẹnikẹ́ni síbẹ̀."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ọ̀pá òṣùwọ̀n kúrò lára òpó àárín ilé, ó sì jókòó sórí àpótí tó kọjú sí arúgbó náà. Omi òjò-dídì ń kán tó, tó, láti ara bàtà rẹ̀ sórí ẹní. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ṣe iṣẹ́ awọnrùlé, ẹni tó ń wọn ẹrù òjò-dídì lórí ilé, ní ìlú Ìdí-Adágún. Ó mọ gbogbo ilé mẹ́rìnlélógún tó wà ní Òpópó Alágbẹ̀dẹ bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Ó mọ èyí tí igi àjà rẹ̀ le, ó sì mọ èyí tó kàn ń díbọ́n.

Ohun tó fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Kò tóbi ju ìwé orin lọ, okùn ló fi ń gbé e kọ́rùn. Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún un, ó ti ilẹ̀kùn ìdáná, ó tú u palẹ̀ lórí tábìlì, kó lè rí ohun tó wà níkùn rẹ̀. Wáyà kan tó tín-ínrín bí irun orí ló bá níbẹ̀, àti awo irin kékeré kan tó ń gbọ̀n. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Igi tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ a máa kùn. Etí èèyàn kò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wáyà náà ń gbọ́ ọ, bí ẹrù sì ṣe ń pọ̀ ni kíkùn náà ń ròkè, gẹ́gẹ́ bí okùn tí a bá fà le. Òṣùwọ̀n á gbọ́, á ṣírò, á wá pè é ní iye èèyàn. Ìdí tó fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn tó kọ́kọ́ ti ilẹ̀ gbígbóná wá tẹ ìlú náà dó kò mọ ohun tí èèyàn lè fi kìlógíráàmù òjò-dídì ṣe. Sọ kìlógíráàmù fún wọn, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Sọ fún wọn pé ọgọ́ta èèyàn jókòó sórí ilé wọn, wọ́n á sáré wá ṣọ́bìrì.

Ọgọ́rin ni ilé Màmá lè gbé. Bó bá ti di ọgọ́rin, ohun kan ṣoṣo ni òfin fi sílẹ̀ fún awọnrùlé: kó yí kọ́kọ́rọ́ pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Iná ilé á kú, ilẹ̀kùn á tì pa títí òjò-dídì yóò fi yọ́. Bí onílé bá sì jẹ́ ẹni tó ń dá gbé, ọkọ̀ á wá gbé e lọ sí Ilé Àjùmọ̀gbé ní gúúsù. Ibẹ̀ móoru, oúnjẹ wà, nọ́ọ̀sì wà. Bàbá Olúgbóyè tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Màmá lọ síbẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé yóò padà. Títí dòní, inú dígí ògiri tí wọ́n fi ń rí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn nìkan ni wọ́n ti ń rí i, tó ń juwọ́ sí ojú tí kò dá mọ̀ mọ́.

"Ó ku mẹ́rin," ni Màmá wí.

"Ó ku mẹ́rin, Màmá. Èyí tó ń rọ̀ yìí kò sì ní dá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wo ìta."

Màmá kò wo ìta. Kò sí ohun tó fẹ́ rí níbẹ̀ tí kò tíì rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Adágún kò tíì dì. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì dì, atẹ́gùn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ á máa pọn omi lórí rẹ̀ bí obìnrin tó re odò, á rù ú dé etí òkè, ọrùn á wọ̀ ọ́, á sì dà á sílẹ̀ ní òjò-dídì. Orí Ìdí-Adágún ló máa ń dà á sí. Láyé àtijọ́, bí Kérésì bá ti kọjá, adágún á dì, atẹ́gùn á sì pọnmi títí kò ní rí nǹkan kan pọn. Ní báyìí tí gbogbo ayé ti móoru, adágún kì í dì mọ́. Bí àlejò bá bi àwọn ará ìlú náà pé ta ló jí òtútù ayé gbé, wọ́n á nawọ́ sí òrùlé wọn.

"Ẹ fi ṣọ́bìrì ránṣẹ́, Màmá."

Màmá ju ẹ̀wà kan tí kòkòrò ti jẹ sílẹ̀.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ṣọ́bìrì náà wà, igi rẹ̀ ń dán nítorí ọwọ́ tó ti dì í mú. Àáró oko tí àwọn baba wọn mú bọ̀ láti ilé ni wọ́n sọ di àáró òrùlé níbí. Ẹni tó bá ń wá èèyàn á fi ṣọ́bìrì tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé kejì, ilé kejì á gbé e fún ìkẹta. Kí ṣọ́bìrì tó dé ìpẹ̀kun òpópó, àwọn èèyàn á ti pé sójúde rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, tí tiwọn bá dé, òun náà á lọ. Ẹni tí a kò pè kì í gun òrùlé ẹlòmíràn. Òfin ìlú ni, ẹ̀kọ́ ilé sì ni. Kí o lọ kó òjò-dídì lórí ilé àgbà tí kò fi ṣọ́bìrì ránṣẹ́ sí ọ, bí ẹni pé o ti ń wo ibi tí wọ́n máa pín ẹrù rẹ̀ sí ni.

"N kò ní fi ránṣẹ́," ni Màmá wí níkẹyìn. "Ìgbà wo ni mo dé orí òrùlé ẹnikẹ́ni gbẹ̀yìn? Orúnkún tí mo fi ń lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá, mo ń bẹ̀ ẹ́ ni."

"Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ wá gun òrùlé, Màmá."

"O rí i? O ti sọ ọ́. Ẹni tí wọn kò retí kó wá, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pè. Àáró tí èèyàn kò lè san padà, agbe ni. Ṣé kí n máa ṣagbe ni?" Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Wọ́n kúkú mọ̀. Ọdún kejì rèé. Ṣé ẹnì kan tilẹ̀ yà bi mí pé báwo ni òrùlé?"

Ìbídùn ṣẹ́jú. Ilé mẹ́jọ ló ti wọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó dé ibí, kò sì sí èyí tí wọn kò ti bi í ní ìbéèrè kan náà: ṣé Màmá ti fi ṣọ́bìrì ránṣẹ́? Ìyàwó káfíńtà ti to ṣọ́bìrì mẹ́ta sẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi àbẹ́là pa wọ́n lójú kí òjò-dídì má baà lẹ̀ mọ́ wọn. Láti àná ló ti ń yọjú wo ọ̀nà.

"Màmá, wọ́n ń dúró dè yín o!"

"Èmi náà ń dúró dè wọ́n."

"Wọn kò fẹ́ rí yín fín ni."

"Èmi náà kò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu." Màmá fọwọ́ nu ojú, bí ẹni pé èéfín ni. "Ọlọ́run á bù kún wọn. Ṣùgbọ́n n kò ní ṣagbe."

Bí yìnyín ṣe ń di omi mọ́nú páìpù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀wọ̀ ti di gbogbo òpópó mọ́lé fún ọdún méjì, tí onílé ń rò pé wọ́n ti kọ òun, tí wọ́n ń rò pé ó kọ àwọn. Ìbídùn ìbá ti dìde gbé ṣọ́bìrì náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wọ̀n kò gbọdọ̀ kó, kó má baà máa fi ọwọ́ kan kó, kó fi èkejì parọ́. Aláǹgbá méjì péré tí ìlú ní, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó máa ń fi ìka eléèékánná gun òrùlé tí wọ́n á sì máa mi orí bí wọ́n ṣe ń ti òjò-dídì dànù, orí ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n wà. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ ní Òpópó Alágbẹ̀dẹ.

Òfin ní bí òrùlé bá ti ju àádọ́rin lọ, awọnrùlé gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó máa wọ̀n ọ́n ní ìdajì wákàtí-ìdajì wákàtí. Nígbà tí àkókò tó, Ìbídùn tún fi ọ̀pá kan òpó.

"Ẹ kú ìjókòó o, Màmá. Èèyàn méjìdínlọ́gọ́rin."

"Ta ló bí ẹ ná?" ni Màmá bi òṣùwọ̀n. "Ó mọ̀ ọ́n kí, ṣùgbọ́n kì í mú ìròyìn ayọ̀ wá."

"Ẹ má bínú, Màmá," ni òṣùwọ̀n dáhùn.

Wọ́n jókòó. Ìbídùn sọ ìtàn ewúrẹ́ Ìyá Kékeré tó bọ́ sínú ihò òjò-dídì tí wọ́n fi agogo ọrùn rẹ̀ wá a rí. Màmá rẹ́rìn-ín. Lójijì, igi àjà kan dún lókè: kẹ̀ẹ́! Ọwọ́ arúgbó náà dúró lójú kan nínú ẹ̀wà. Ìgbà yẹn ni Ìbídùn wò ó dáadáa, tó rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì wú.

Ó tún fi ọ̀pá kan òpó. "Mọ́kàndínlọ́gọ́rin, Màmá," ni òṣùwọ̀n wí. Lọ́tẹ̀ yìí kò kí i.

Ìbídùn wo kọ́kọ́rọ́ pupa. Bí òun bá purọ́ pé kò tó bẹ́ẹ̀, ilé lè wó pa Màmá. Bí òun bá yí i, ilé kò ní wó pa á, ṣùgbọ́n inú dígí ni wọn yóò ti máa juwọ́ sí i. Ohun kẹta wà. Ó ti wà láti ọdún méjì, òun ni kò fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Akínlàjà ọmọ rẹ̀, tó ń ṣọ́ ọ̀nà yìnyín tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lórí òkè, ń fẹ́ Arínọlá, ọmọ ọmọ Màmá, tó ń gbin ata nínú àwọn ilé gíláàsì lẹ́yìn ìlú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ó ti bẹ ìyá rẹ̀ títí kó bá òun lọ tọrọ rẹ̀. "Ní ẹ̀ẹ̀rùn," ni Ìbídùn máa ń wí. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó kọjá. Òfin ló fà á: àna kì í wọn òrùlé àna. Lọ́jọ́ tó bá di àna Màmá, kì í ṣe ilé kan ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo òpópó ni wọn yóò gbà, nítorí òpópó-òpópó ni wọ́n ń pín iṣẹ́ náà. Òpópó tí wọ́n bí i sí. Òpópó tó mọ ohùn igi rẹ̀ kí òṣùwọ̀n tó sọ̀rọ̀.

Ó bọ́ okùn òṣùwọ̀n lọ́rùn, ó gbé e sórí àpótí. Ó wá kúnlẹ̀ lórí ẹní tó tutù.

"Kí lo ń wá nílẹ̀?" ni Màmá bi í. "Kí ló já bọ́?"

"Òdòdó kan ni a rí nínú ọgbà yín, Màmá, tó wù wá já."

Màmá yí ojú sí fèrèsé. Òjò-dídì ti bo ọgbà náà mọ́lẹ̀.

"Òdòdó wo? Nínú ọgbà wo? Ìbídùn, ṣé ara rẹ yá?"

"Arínọlá, Màmá. Mo wá tọrọ rẹ̀ fún Akínlàjà."

Àwo ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Màmá wo obìnrin tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo òpó, ó wo òkè àjà.

"O gbọ́n o. O gbọ́n ju ìjàpá lọ. Ọ̀wẹ̀ àna kò ní ìsanpadà, kò sì nílò ṣọ́bìrì tí ń rìn. Ohun tó wà nínú rẹ nìyẹn. Ṣé nítorí òrùlé lo ṣe ń fẹ́ ọmọ mi?"

"Ọmọ mi ti ń fẹ́ ọmọ yín kí èyí tó rọ̀. Èmi ni mo di í lọ́wọ́. Òpópó yìí ni n kò fẹ́ fi sílẹ̀." Ìbídùn kò gbójú sókè. "Ìmọtara-ẹni-nìkan ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Arínọlá."

Màmá na ọ̀pá rẹ̀, ó fi gbá dígí ògiri lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni gbá orí ọmọ aláìgbọràn. Ojú Arínọlá yọ láàárín igi ata pupa, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ nínú ooru ilé gíláàsì.

"Màmá Àgbà! Kí ló ṣẹlẹ̀? Òrùlé ni?"

"Fi òrùlé sílẹ̀. Ìyá Akínlàjà rèé lórí ẹní mi. Ó ní òun rí òdòdó."

Arínọlá fi ọwọ́ ìdọ̀tí bo ẹnu. Ìgbà tó mú un kúrò, iyẹ̀pẹ̀ ti wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Mo ti gbà fún un láti ọdún tó kọjá, Màmá Àgbà. Mo kàn ní kó ní sùúrù ni. Bí mo bá lọ sílé ọkọ, ta ni yóò máa wá sùn tì yín ní òpin ọ̀sẹ̀?"

"Nítorí tèmi?" ni Màmá wí.

Lókè, igi àjà tún dún, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Nítorí tèmi ni gbogbo yín ṣe ń dúró bí igi," ni Màmá wí. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí Ìbídùn. "Àna mi, ẹ dìde. Ilẹ̀ tutù."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ìbídùn, Màmá kò fi ẹ bá a sọ̀rọ̀ rí. Omi lé sí i lójú. Ó dìde, ó tẹ òṣùwọ̀n.

"Kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti di àna ilé yìí."

"Ẹ kú oríire o," ni òṣùwọ̀n dáhùn. "Àna kì í wọn òrùlé àna. Mo ti ránṣẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé láti Òkè-Afẹ́fẹ́. Yóò dé láàárín wákàtí kan." Orúkọ ilé mẹ́rìnlélógún tó wà lójú rẹ̀ parẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, iná rẹ̀ sì kú.

Ìbídùn ò dúró wò ó. Ó ti ń pe ọmọ rẹ̀.

Akínlàjà dé pẹ̀lú ọ̀rẹ́ márùn-ún, ọ̀nà yìnyín ti wà ní títì, wọn kò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kó tó kí ẹnikẹ́ni, ó ti gbé àkàbà ti ògiri, ó ti ń gùn ún. Fèrèsé ṣí gbàgà.

"Ọkọ Arínọlá! Ṣé o fẹ́ pa mí lọ́jọ́ tí mo gbà ọ́ ni? Mọ́kàndínlọ́gọ́rin ló wà lórí mi. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kan síbẹ̀, o pé ọgọ́rin!"

Akínlàjà sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí àkàbà gbóná mọ́ lẹ́sẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sínú òjò-dídì.

"Ẹ so pákó mọ́ orí ọ̀pá gígùn," ni Màmá ń pàṣẹ láti ojú fèrèsé, ìborùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. "Ẹ fà á láti ilẹ̀. Mẹ́ta lápá ibí, mẹ́ta lápá ọ̀hún, kí ẹ jọ máa fà á! Bí ẹ bá tú apá kan nìkan, ìkejì á ti ilé ṣubú. Ṣé ẹ kò gbé ẹrù kọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí ni?"

Wọn kò gbé ẹrù kọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí, wọn kò tilẹ̀ rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Ìpele àkọ́kọ́ já lápá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, gbìì, gbìì, eruku funfun bo gbogbo wọn. Ìyàwó káfíńtà kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ẹni tó bá gbọ́ pé ọ̀wẹ̀ àna ń lọ, kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́ láti bá wọn kún un. Ó yọ láàárín kùrukùru pẹ̀lú ṣọ́bìrì mẹ́ta léjìká, ó ń kígbe pé, "Ìyàwó wa dà? Àna dà?" Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ wà, lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ ni ìyókù òpópó.

Nígbà tó fúyẹ́ dé ibi tó yẹ, wọ́n gun òkè. Ìbídùn gba ọ̀kan nínú ṣọ́bìrì, ó sì tẹ̀ lé wọn. Ọdún mọ́kànlá ni kò fi ọwọ́ kan òjò-dídì orí òrùlé. Ó ti gbàgbé bó ṣe ń dún nígbà tí ṣọ́bìrì bá gé e, bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá gé iṣu tó jinná. Ó rí oríṣiríṣi ìpele rẹ̀ bí ojú ìwé: èyí tó rọ̀ ní ọjọ́ Ajé tó gbẹ, èyí tó rọ̀ lánàá tó mu omi tó sì wúwo bí amọ̀. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ọwọ́ rẹ̀ ti ń bó. Nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ igi ilé náà bí wọ́n ṣe ń na ara wọn, kò sì sí òṣùwọ̀n lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé dé lórí bàtà onípákó rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ dì gbagidi. Ọkùnrin tó máa ń ka òfin kó tó jẹun ni. Ó kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ṣí i. Ìbídùn sọ̀kalẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún un.

Màmá Jọláadé ti sùn lórí àga, orí rẹ̀ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Lókè orí rẹ̀, èèyàn mẹ́fà ń gbá òrùlé, wọ́n ń rìn, wọ́n ń pariwo, ìyàwó káfíńtà ń kọrin. Kò mì. Òru mélòó ló ti fi jókòó nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ tó ń tẹ́tí sí igi àjà, kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣówándé yọ́ ẹsẹ̀ lọ sídìí òpó, ó fi ọ̀pá kàn án.

"Ẹ kú oorun o, Màmá!" ni òṣùwọ̀n tirẹ̀ ké, ohùn rẹ̀ le ju ti Ìbídùn lọ. "Èèyàn mẹ́tàlélógún, mẹ́fà nínú wọn kò jókòó jẹ́ẹ́..."

Ìbídùn ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu òṣùwọ̀n náà kó tó parí.

"Òfin ní onílé gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé rẹ̀ dúró," ni Ṣówándé sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Yóò gbọ́ ọ. Tó bá jí. Ẹ jókòó, ẹ kú iṣẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé wo aago rẹ̀, ó wo arúgbó tó ń sùn, ó sì tẹ̀ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.